Bọ́tìnnì Mẹ́sàn-án fún Ọwọ́ Àǹtí Mabel

                                        Ojúlé 11, Òpópónà Àjísafẹ́,
                                        Sùúrùlérè,
                                        Èkó.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Ọ̀wàrà, 1998.

Jethro, ọ̀rẹ́ bí ọmọ ìyá,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ikọ́ tó ń da Màmá láàmú ní gbogbo ìgbà òjò ti fi wọ́n sílẹ̀? Mo gbọ́ pé wọ́n ti fi ọ́ ṣe igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé. Ó tọ́ sí ọ, kí Ọlọ́run jẹ́ kí ó tura. Ní tiwa níbí, ara wa le. Ìyàwó mi ní kí n dúpẹ́ iṣu tí o fi ránṣẹ́. Ó ní ẹyọ kan kò jẹrà nínú rẹ̀, kò dà bí ti àwọn ará ibí tí wọ́n ń to èyí tó dára sókè, tí wọ́n ń fi èyí tó ti rà sísàlẹ̀.

Mo lọ gba lẹ́tà rẹ lọ́wọ́ awakọ̀ Ilẹ́ṣà ní Jíbówú ní ọjọ́ Ajé, ọ̀sẹ̀ méjì dín díẹ̀ sẹ́yìn. O ní kí n lọ wo Àǹtí Mabel, ẹ̀gbọ́n rẹ, ní ibi iṣẹ́ wọn, kí n mọ̀ bóyá òótọ́ ni pé wọ́n fẹ́ dá wọn dúró. O tún ní kí n bá ọ rọ̀ wọ́n kí wọ́n máa bọ̀ wálé ní ìparí oṣù yìí, pé o ti tún yàrá kan ṣe, o sì máa rán ọkọ̀ wá kó ẹrù wọn. Mo lọ, mo sì fojú ara mi rí i. Farabalẹ̀ ka ohun tí mo rí, má sì bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá korò.

Ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé náà wà lẹ́yìn ọjà ní Mushin. Alhaji Rilwan Fàsásì ló ni ín. Kàlẹ́ńdà, ìwé ìkésíni àti ìwé ètò ìsìnkú ni wọ́n ń tẹ̀ jù. Ọdún mọ́kànlá ni Àǹtí Mabel ti ń bá wọn tẹ̀wé. Ìwọ náà mọ bí ọwọ́ wọn méjèèjì ṣe rí láti ìgbà tí sítóòfù ti bú gbàmù mọ́ wọn lọ́wọ́ lọ́dún tó kọjá nítorí kẹrosíìnì àdàlù. Àwọn ìka náà le gbagidi. Wọ́n lè fi gún nǹkan, ṣùgbọ́n wọn kò lè ká a, wọn kò sì lè di ohunkóhun mú. Síbẹ̀ wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ń fi ìka ìfábẹ̀lá ọ̀tún àti ti òsì gún bọ́tìnnì kíbọ́ọ̀dù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Saidat, ọmọbìnrin tó ń jókòó tì wọ́n, sọ fún mi pé ìwé Àǹtí Mabel kì í ní àṣìṣe, pé àwọn tí ọwọ́ wọn pé ni wọ́n ń tún tiwọn tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Inú oṣù kẹjọ ni wàhálà bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Alhaji ra kọ̀ǹpútà tuntun. Àwọn ti àtijọ́, ọ̀rọ̀ nìkan ni o ń tẹ̀ sínú wọn. Ti tuntun yìí, àwòrán ló kún ojú rẹ̀, ọfà kékeré kan sì wà níbẹ̀ tí o gbọ́dọ̀ máa darí káàkiri. Òun ni o fi ń tọ́ka sí ohun tí o fẹ́, òun ni o fi ń gbé fọ́tò láti ibí lọ sí ọ̀hún. Máúsì ni wọ́n fi ń darí ọfà náà. Tí o kò bá tíì rí i rí, ó dà bí ọṣẹ ìfọwọ́ tó ní ìrù. Èèyàn á dì í mú, á máa tì í káàkiri orí tábìlì. Lọ́wọ́ Àǹtí Mabel, ńṣe ló ń yọ́ bọ́ bí ẹja.

Ìṣojú mi ni Alhaji ti bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí mo kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ó ń fi igi tayín lọ, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bí ẹni tó ń bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, “Àǹtí Mabel, ẹ má rò pé èmi ni mo lé yín o. Ẹ̀rọ ló lé yín.”

Ọdún mọ́kànlá, Jethro! Ó wá ti ẹ̀bi rẹ̀ sọ́rùn irin.

Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Sylvester. Òun ló ń bójú tó àwọn kọ̀ǹpútà náà, gbogbo wọn sì ń pè é ní Ẹnjiníà. Rédíò ló ń tún ṣe tẹ́lẹ̀ ní Ìjora. Mo bi í pé ìgbà wo ni wọ́n ti fọ àwọn máúsì náà gbẹ̀yìn, nítorí mo rí i pé ọwọ́ Saidat tó pé pàápàá kò rí ọfà náà darí, ó ń fò kiri bí ìrẹ̀. Sylvester dojú ọ̀kan dé, ó ṣí ìdí rẹ̀, ó mú bọ́ọ̀lù kékeré tó wà nínú rẹ̀ jáde, ó tutọ́ sí i, ó fi ṣòkòtò rẹ̀ nù ún, ó sì sọ ọ́ padà sínú.

“Ó ti mọ́ nìyẹn, Ọ̀gá,” ló wí fún mi.

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Òpó kékeré méjì wà nínú máúsì tí bọ́ọ̀lù náà ń yí. Bí bọ́ọ̀lù bá ṣe yí wọn ni ọfà ń rìn. Mi ò rí òpó kankan. Epo ẹ̀pà, yíǹkì, irun orí àti eruku ọjà ti dì mọ́ wọn lára. Mo fi abẹ́rẹ́ họ ọ́, ó ń ká jáde bí ìdin dúdú. Mo fi ẹ̀gbọ̀n òwú àti sípírítì fọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà níbẹ̀, mo sì ń ṣàlàyé fún Sylvester bí mo ti ń ṣe é, ṣùgbọ́n ojú fèrèsé ló ń wò.

Nígbà tí mo parí, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ ṣeun, àmọ́ màmá yìí kò lè dì í mú náà ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ máa ta omi tútù. Ìyẹn ò gba kọ̀ǹpútà.”

Saidat kò gbójú sókè tó fi dá a lóhùn. “Ẹnjiníà, inú máúsì ti mọ́ báyìí o. Ó ku ẹnu rẹ.”

Àǹtí Mabel gbé ọwọ́ méjèèjì sórí itan, wọ́n sì fi ìbòrí wọn bò ó. Èyí ni kò kúrò lójú mi títí mo fi délé.

Kí n tó kúrò níbẹ̀ ni mo ti bẹ Alhaji pé kó fún wa láyè díẹ̀. Ó ronú, ó wá ní oníbàárà kan ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e láti wá gba ìwé ètò ìsìnkú bàbá rẹ̀. Bí Àǹtí Mabel bá lè to ojú ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀ fúnra wọn, ọ̀rọ̀ àti fọ́tò, lórí kọ̀ǹpútà tuntun, kí wọ́n máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Bí wọn kò bá lè tò ó, kí oníkálukú máa lọ ní ìrọ̀rùn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré la ní.

Jẹ́ kí n wá ṣàlàyé ohun tí mo mọ̀ tí Ẹnjiníà yẹn kò mọ̀. Ìwọ tíṣà, á yé ọ. Ní apá ọ̀tún kíbọ́ọ̀dù, àwọn nọ́ńbà kan wà tí wọ́n tò ní mẹ́ta-mẹ́ta bíi ti ẹ̀rọ ìṣirò, láti 1 dé 9. Àwọn tó ṣe ètò kọ̀ǹpútà yìí rò ó pé ọwọ́ gbogbo èèyàn kò rí bákan náà. Bí o bá tẹ Alt àti Shift apá òsì mọ́lẹ̀ pọ̀, tí o sì tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n kọ NumLock sí, ẹ̀rọ náà á dún, á sì béèrè bóyá lóòótọ́ lo fẹ́ ẹ. O tẹ Enter. Láti ìgbà náà lọ, àwọn nọ́ńbà yẹn kò jẹ́ nọ́ńbà mọ́, wọ́n ti di ọ̀nà.

Ṣe bí ẹni pé o dúró ní àárín àgbàlá yín. Ibi tí o dúró sí ni 5. 8 ń gbé ọfà lọ sókè, 2 ń gbé e wá sísàlẹ̀, 4 ń gbé e lọ sí òsì, 6 sí ọ̀tún. Àwọn mẹ́rin tó wà ní igun ń gbé e gba igun tiwọn. Bí ọfà bá ti dé orí ohun tí o fẹ́, o gún 5, ó dà bí ẹni pé o tẹ máúsì. Bí o bá fẹ́ gbé fọ́tò, o gún òdo tó wà nísàlẹ̀, ọfà á gbá fọ́tò náà mú. O rìn ín lọ síbi tí o fẹ́, o wá gún bọ́tìnnì tóótó, èyí tí wọ́n kọ àmì ìdánudúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òdo, á sọ ọ́ kalẹ̀. O rí i pé kò síbi tí a ti ń di nǹkan mú nínú gbogbo rẹ̀. Gígún ni, ìka Àǹtí Mabel sì mọ gígún.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n wá sí ọ́fíìsì mi ní Sábó lẹ́yìn iṣẹ́, níbi tí èmi náà ti ní irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀. Mo fi bí wọ́n ṣe máa mọ àárín hàn wọ́n, nítorí ara 5 ní kókó kékeré kan tí ìka ń bá pàdé láìwò ó. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọfà náà ń wọ́ bí ìgbín. Wọ́n gún un títí, wọ́n wá yíjú sí mi.

“Ọláolú, kí n tó débi tí mò ń lọ yìí, wọ́n á ti sin òkú náà, wọ́n á ti ṣe ogójì ọjọ́ rẹ̀.”

Mo ṣí ibi tí a ti ń yí eré rẹ̀ padà, mo fi kún un, mo sì fi hàn wọ́n pé bí ìka òsì bá tẹ Ctrl mọ́lẹ̀, ọfà á máa fò lọ. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé fọ́tò bàbá kan, wọ́n gbàgbé láti sọ ọ́ kalẹ̀, bàbá náà sì ń tẹ̀ lé ọfà káàkiri ojú kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní, “Bàbá, ẹ padà sílé yín o! Èmi kọ́ ni ìyàwó yín.” A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹrin, wọn kò fọwọ́ kan nǹkan kan nígbà tí wọ́n dé. Wọ́n yọ lẹ́tà kan nínú báàgì, wọ́n tẹ́ ẹ síwájú mi. Lẹ́tà tìrẹ ni, èyí tí o kọ sí àwọn fúnra wọn.

“Àbúrò mi ti gbá yàrá dè mí,” ni wọ́n wí. “Ọláolú, ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta ni mí. Ayọ̀mípọ̀sí ọmọ mi ṣì wà nílé-ìwé ní Yaba níbí, abẹ́ mi ló ń sùn. Bí mo bá dé Ilẹ́ṣà, kí ni n ó máa ṣe láti àárọ̀ dalẹ́? Ṣé kí n máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kí àwọn aládùúgbò máa wá wo ọwọ́ mi?”

Ìwọ lo rán mi pé kí n rọ̀ wọ́n, ọ̀rọ̀ ìrọni náà sì ti wà lẹ́nu mi láti ọjọ́ tí mo ti ka lẹ́tà tìrẹ. Ó kan rí lójú mi bí ẹni pé èmi náà fẹ́ tutọ́ sí bọ́ọ̀lù máúsì bíi Sylvester, kí n ní ó ti mọ́. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì, mo ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ.

Ọjọ́bọ̀ dé. Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀ ni mo wọlé. Oníbàárà náà ti jókòó, ó gbá àpò ìwé kan mọ́ àyà. Mo wo kíbọ́ọ̀dù Àǹtí Mabel. Apá ọ̀tún rẹ̀ ti di ẹnu tí eyín ti ká. Láti 1 dé 9, gbogbo bọ́tìnnì náà ni wọ́n ti fà tu. Òdo àti tóótó ṣì wà, NumLock náà wà. Ihò ni àwọn yòókù.

Mo bi Sylvester pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò tilẹ̀ yé e.

“Ọ̀gá, nọ́ńbà wà lókè, nọ́ńbà tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí lẹ ń fi méjì-méjì ṣe? Tí tòkè bá bàjẹ́, ti ẹ̀gbẹ́ la máa ń yọ fi dípò. Sípíà ni. Lánàá ni ti Saidat bàjẹ́.”

“Gbogbo mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló bàjẹ́?”

“Mo yọ èyí tó kù pa mọ́ ni, kí wọ́n má baà jí i.”

“Kó wọn wá nígbà náà.”

“Wọ́n wà nílé mi, Ọ̀gá.”

Mo rìn yí gbogbo kọ̀ǹpútà wọn ká. Kò sí ẹyọ kan tí apá ọ̀tún rẹ̀ pé. Ti Àǹtí Mabel ló kẹ́yìn. Jethro, bó bá jẹ́ pé ìkà ló fi ṣe é, ǹ bá bá a jà, ara ìbá sì tù mí. Kò ṣe ìkà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, gbogbo ilé iṣẹ́ ló sì gbà pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Wọ́n á ra ohun tuntun, wọn ò ní béèrè iṣẹ́ tí apá kan rẹ̀ ń ṣe, wọ́n á tú u jẹ.

Mo ní kí Alhaji jẹ́ kí n sáré lọ gbé kíbọ́ọ̀dù mi wá láti Sábó. Ó wo aago, ó wo oníbàárà.

“Ọ̀gbẹ́ni Àkàngbé, ọ̀la ni wọ́n ń sin bàbá wọn. Sábó àti Mushin lọ́sàn-án yìí? Ẹ jẹ́ kí Saidat tò ó, ká gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí.”

Mo ki ìka bọ inú ihò kan láti wò ó bóyá ó ṣì lè ṣiṣẹ́. Kùkùté kékeré wà nísàlẹ̀ ihò náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìka mi sanra, ó ń tẹ méjì pọ̀.

“Ọláolú, jókòó,” ni Àǹtí Mabel wí.

Wọ́n fa àga mọ́ tábìlì. Wọ́n tẹ bọ́tìnnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ẹ̀rọ dún, wọ́n tẹ Enter. Kò sí kókó tí wọ́n máa fi mọ àárín mọ́, nítorí náà wọ́n fi ìka ka ihò láti etí, ọ̀kan, méjì. Ìka wọn tí kò ní ẹran, tí kò ká, wọ inú ihò náà gérégé bí kọ́kọ́rọ́. Ọfà rìn.

Gbogbo wọn yí tábìlì ká. Wọ́n ti tẹ ọ̀rọ̀ síbẹ̀ láàárọ̀, ó ku kí wọ́n tò ó, kí wọ́n sì gbé fọ́tò sáàárín. Sylvester rẹ́rìn-ín. “Ẹ wò ó bí adìyẹ tó ń ṣa àgbàdo.”

“Adìyẹ tó ń ṣa àgbàdo ló ń yó,” ni Saidat fèsì. “Ìwọ, bọ́tìnnì lò ń ṣà.”

Ní ẹ̀ẹ̀kan, wọ́n ṣi ihò gún, fọ́tò náà sì fò lọ sí igun. Mo gbọ́ tí Alhaji mí kanlẹ̀. Mo dìde díẹ̀, mo sì tún jókòó, nítorí wọn kò wo ẹ̀yìn. Wọ́n tún ihò kà, wọ́n rìn ín padà díẹ̀díẹ̀, wọ́n gún tóótó, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni gbogbo rẹ̀ gbà. Saidat ìbá ti parí rẹ̀ ní mẹ́wàá. Mi ò ní pa irọ́ fún ọ.

Nígbà tí ìwé náà jáde, oníbàárà yẹn ló kọ́kọ́ gbà á. Ó rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà kó lè rí i nínú ìmọ́lẹ̀, ó sì gbé e súnmọ́ ojú. Ó ní, “Bàbá mi dúró ṣánṣán. Ìwé tí ẹ tẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́sí, ńṣe ni fọ́tò inú rẹ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.” Ìdí wà tó fi rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ tó di máúsì mú ń gbọ̀n díẹ̀, ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí a bá gún bọ́tìnnì, ìwọ̀n kan náà ni fọ́tò ń sún, kò ju fọ́nrán irun lọ.

Alhaji gba ìwé náà, ó wọ awò, ó wò ó títí. Mo rò pé ó fẹ́ tọrọ àforíjì. Ṣé o mọ ohun tó sọ?

“Sylvester! Kó gbogbo máúsì yẹn sínú páálí. Wàhálà lásán ni wọ́n. Láti ọ̀la, bíi ti Àǹtí Mabel ni kí gbogbo yín máa ṣe é.”

Saidat lọgun. Èmi gbé orí mi lé ọwọ́. Irú ọ̀gá wo rèé? Lánàá, ẹni tí kò bá lè di máúsì mú kò lè ṣiṣẹ́. Lónìí, ẹni tó bá dì í mú ti ṣẹ̀.

Àǹtí Mabel ni wọ́n dìde. Láti ọdún tó kọjá, mi ò tíì rí kí wọ́n gbé ọwọ́ wọn sókè níwájú èèyàn. Wọ́n gbé e sókè, wọ́n na ìka méjèèjì sí Alhaji.

“Alhaji, ẹ fi máúsì sílẹ̀ fún wọn. Ọwọ́ tiwọn ń dì í mú. Bọ́tìnnì tèmi ni kí ẹ dá padà.”

Alhaji wo ọwọ́ náà. Mo rò pé ìgbà àkọ́kọ́ tó wò ó nìyẹn. Ó ní, “Sylvester, o gbọ́.” Sylvester sì lọ sílé rẹ̀ lọ kó wọn wá nínú agolo mílíìkì, pẹ̀lú sípíà mìíràn tó fi dípò èyí tó ti lò fún Saidat. Èmi fúnra mi ni mo fọ̀ wọ́n pẹ̀lú sípírítì, nítorí mo mọ ọwọ́ tí wọ́n ti kọjá, mo sì tẹ̀ wọ́n padà sáàyè wọn.

Nítorí náà, Jethro, má rán ọkọ̀. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ lo fi gbá yàrá yẹn, èmi náà sì fẹ́ bá ọ ṣe é, bẹ́ẹ̀ àwa méjèèjì kò bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́. Kọ̀wé sí wọn, kí o bi wọ́n. Kíkọ ni kí o kọ ọ́, má rán èmi mọ́. Èsì á tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́ kíákíá, nítorí ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé ni wọ́n wà.

Bá mi kí Màmá, kí o sì sọ fún wọn pé kí wọ́n má jókòó sínú afẹ́fẹ́ òwúrọ̀. Kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ilé wa kí yín.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí inú ń bí, tó sì fẹ́ràn rẹ síbẹ̀,

Ọláolú Àkàngbé.